Ẹ má dorí rẹ̀ kodò: bí a ṣe ń gbé àgbébọ̀ tó ń bẹ̀rù ọwọ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ní ìparí ọdún tó kọjá, ọkọ mi ra àgbébọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ oníoko kan tó fẹ́ palẹ̀ àwọn adìẹ rẹ̀ tó ti gbó lórí ẹyin mọ́. Ọbẹ̀ la fẹ́ fi wọ́n sè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti sọ wọ́n lórúkọ, bí wọ́n ṣe di ará ilé nìyẹn. Wọ́n ṣì ń yé ẹyin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìṣòro mi ni pé mi ò lè gbé wọn. Bí mo bá ti nawọ́, wọ́n á fò sókè, wọ́n á ké, èmi náà á sá sẹ́yìn. Ìyá ọkọ mi ní kí n fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú kí n dorí rẹ̀ kodò, pé kò ní lè mira mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe é lójú ọmọ mi, ẹkún ló bú sí. Ní báyìí ọ̀kan nínú wọn ń tiro, mo sì ní láti yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Báwo ni mo ṣe máa gbé e tí mi ò ní ṣe é léṣe, tí òun náà ò ní ṣe mí léṣe?"

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, mà, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn adìẹ wọ̀nyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó kánjú kúrò nílẹ̀. Èyí tó ń tiro yẹn, ẹ má lé e kiri àgbàlá lọ́sàn-án. Adìẹ tí ẹsẹ̀ ń dùn á ṣì sáré tí wọ́n bá lé e, eré yẹn ló sì lè sọ ẹsẹ̀ tó kàn fara pa di ẹsẹ̀ tó kán. Ẹ dúró di alẹ́. Adìẹ kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ó ti wà níbi tó ń sùn fún bí ìdajì wákàtí, agbára káká ni yóò fi sá. Ẹ lè gbé e lálẹ́ òní, kódà tí ẹ kò bá fọwọ́ kan adìẹ rí láyé yín. Mo máa ṣàlàyé bí ẹ ó ṣe gbé e, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kì í bínú sí adìẹ, ọwọ́ rẹ̀ á sì balẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn adìẹ tí àwọn oníoko ń tà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yé ẹyin fún ọdún kan àti díẹ̀, inú kéèjì ni wọ́n ti gbé. Nínú kéèjì, ọwọ́ èèyàn kì í ṣàdédé wọlé. Tí ó bá wọlé, ó wá gún wọn lábẹ́rẹ́ ni, tàbí ó wá fa ẹsẹ̀ wọn jáde láti kó wọn sọ́kọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọwọ́ nìyẹn. Ẹ tún fi kún un pé láti òkè ni àṣá àti àwòdì ti máa ń wá. Ojú adìẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán, àyàfi ẹ̀yìn orí gan-an. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró gbọnrangandan, tó tẹ̀ síwájú, tó na ọwọ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè, àṣá ni adìẹ rí. Kò sí àgbébọ̀ tó máa dúró wo àṣá.

Wọ́n fò, ẹ sá sẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń gbilẹ̀. Bí ọwọ́ bá kan adìẹ, tó fi í sílẹ̀, tó tún padà wá, adìẹ kò mọ ohun tí ọwọ́ náà ń wá, ó kàn mọ̀ pé nígbà tí òun jà, ọwọ́ lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, á tètè jà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bí ọ̀rọ̀ ẹni tó di adìẹ mú láàbọ̀ ṣe rí nìyẹn. Èrò tèmi, mo sì fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, ni pé kí èèyàn má gbé adìẹ rárá sàn ju kó fi ọwọ́ tó ń ṣiyèméjì gbé e lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá ti pinnu pé ẹ fẹ́ gbé e, kí ọwọ́ yín rọra lọ, kó má yára, kó má sì padà sẹ́yìn.

Ní ti ìmọ̀ràn ìyá ọkọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń gbé e ní gbogbo ọjà wa lónìí, ẹsẹ̀ dídì, orí nílẹ̀, mẹ́ta lọ́wọ́ kan. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ pé adìẹ tí a bá dorí rẹ̀ kodò kì í pẹ́ dákẹ́. Ìpayà ló ń mú un dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹran tí ọwọ́ apẹran bá tẹ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ara wọn á le gbagidi, wọ́n á ṣe bí òkú, bóyá ẹni tó mú wọn á dẹwọ́. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn adìẹ tí wọ́n gbé kodò wò, wọ́n fi wé ti àwọn tí wọ́n gbé ní ìnàró, wọ́n sì rí i pé èròjà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà ìpayà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n dorí wọn kodò. Ohun tí ọmọ yín rí tó fi sunkún, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Èémí tún wà níbẹ̀. Adìẹ kì í mí bí a ṣe ń mí. Àwa ní iṣan pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró tó ń lọ sókè sódò, adìẹ kò ní irú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ egungun ìhà, kì í wú, kì í sì í fọn. Àpò afẹ́fẹ́ mẹ́sàn-án tó wà káàkiri inú rẹ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, àwọn àpò yẹn kò sì lè ṣiṣẹ́ àfi tí egungun àyà rẹ̀ bá ráyè lọ síwá-sẹ́yìn. Tí a bá dorí rẹ̀ kodò, ìfun àti ẹ̀dọ̀ á rọ́ lu àwọn àpò náà. Tí a bá gbá a mọ́ra pinpin, àyà rẹ̀ ò ní lè mira, ó sì lè kú sí wa lọ́wọ́ láìjẹ́ pé a fún un lọ́rùn. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó ṣàlàyé fún ọmọ yín jù, torí ọmọdé tó bá fẹ́ràn nǹkan, ńṣe ló máa ń fún un mọ́ àyà.

Egungun wọn náà kò le mọ́. Àgbébọ̀ oko tó ń yé dáadáa lè yé tó 300 ẹyin láàárín ọdún kan. Èròjà tó ń mú egungun le ni èèpo ẹyin fi ń le, tí oúnjẹ tó ń jẹ kò bá sì tó o, inú egungun ara rẹ̀ ló ti máa yọ ọ́. Adìẹ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, itan rẹ̀, apá rẹ̀ àti egungun àyà rẹ̀ máa ń tètè kán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fa ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má sì ká apá méjèèjì sẹ́yìn kó fi wọ́n gbé gbogbo ara adìẹ sókè. Àgbébọ̀ bẹ́ẹ̀ lè wúwo tó kílò méjì. Oríkèé apá kò wà fún ẹrù kílò méjì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé e.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti to gbogbo ohun tí ẹ máa lò síbi kan: tọ́ọ̀ṣì, àkísà ìró tó mọ́ tó sì rọ̀, àlùmọ́gàjí kékeré, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú abọ́, iyọ̀, ọṣẹ. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ yọ yẹtí àti ṣéènì, torí adìẹ máa ń ṣá ohun tó bá ń dán. Ẹ bẹ ìyá ọkọ yín kí wọ́n bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú. Ẹni tó ti ń sin adìẹ láti kékeré kì í bẹ̀rù pápápá apá, ẹ ó sì rí i pé àyà yín á le nígbà tí wọ́n bá dúró tì yín.

Ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹ ṣe ń bọ̀, kó lè mọ̀ pé èèyàn ló ń bọ̀. Ẹ má tan iná sí i lójú. Ẹ fi ìka bo ojú tọ́ọ̀ṣì kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ máa yọ, tàbí kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Adìẹ tó ti inú kéèjì wá lè má mọ bí wọ́n ṣe ń sùn lórí igi, nítorí náà, ẹ wo igun ilé rẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lóṣòó tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí ojú yín àti ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kó sì kọjú sí yín.

Ọwọ́ tí ẹ fi ń jẹun ni kó lọ sábẹ́. Ẹ ti í bọ abẹ́ àyà rẹ̀ láti iwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kí ìka lọ sí ọ̀nà ìrù. Ní àkókò kan náà, ọwọ́ kejì á sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, á bo apá méjèèjì, á sì pa wọ́n dé mọ́ ara rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ kàn jẹ́ kó mọ̀ pé ààyè kò sí láti ṣí apá. Tí ọwọ́ ìsàlẹ̀ bá ti dé ibi itan, ẹ fi ìka àárín bọ àárín itan méjèèjì, kí àtàǹpàkò wà lóde itan kan, kí àwọn ìka yòókù wà lóde ìkejì. Itan ni kí ẹ dì mú, ní òkè, nítòsí ara. Ẹ má di ẹsẹ̀ tínrín ìsàlẹ̀ mú, pàápàá èyí tó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e sókè, kí gbogbo ara rẹ̀ jókòó lé ọwọ́ yín láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá.

Ẹ fà á mọ́ ẹ̀gbẹ́ yín lójú ẹsẹ̀. Orí rẹ̀ á wà lẹ́yìn, lábẹ́ ìgúnpá yín, ìrù rẹ̀ á kọjú síwájú. Bí ọmọ iléèwé ṣe ń há ìwé mọ́ abíyá ni kí ẹ ṣe há a, kí ìgúnpá yín máa di apá rẹ̀ kan, kí ẹ̀gbẹ́ ara yín máa di ìkejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kí orí rẹ̀ kọjú síwájú kí wọ́n lè máa rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí orí bá wà lẹ́yìn, abẹ́ apá yín ṣókùnkùn díẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò ní dé ojú yín, tí ó bá sì yàgbẹ́, ilẹ̀ iwájú ló máa bọ́ sí, kò ní kan aṣọ yín. Ọwọ́ kejì yín ti ṣófo báyìí. Òun lẹ ó máa fi ṣiṣẹ́.

Nǹkan méjì péré ló gbé gbogbo rẹ̀ ró: apá dídé, àti ohun kan lábẹ́ ara rẹ̀. Adìẹ tí apá rẹ̀ bá ṣí á fẹ́ fò; adìẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ̀ dirodiro á máa wá ilẹ̀. Nígbàkígbà tó bá ń tàràpà lọ́wọ́ yín, ẹ bi ara yín léèrè èwo nínú méjèèjì ló ti bọ́.

Tí apá kan bá yọ, ẹ má gbá ìyẹ́ rẹ̀ mú, ẹ má sì fa ṣóńṣó apá náà. Ẹ sún mọ́ ilẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ yín jẹ́jẹ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ́jú ti apá náà padà sí ipò rẹ̀ láti èjìká rẹ̀ wá. Ẹ mí kanlẹ̀. Tí ó bá dákẹ́ fún ìwọ̀nba àkókò tí ẹ lè fi kà dé mẹ́wàá, ìgbà yẹn ni kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má jù ú sílẹ̀ nígbà tó ń jà lọ́wọ́, torí ohun tí ẹ fi kọ́ ọ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kó dúró dáadáa, kí ẹ tó ká ọwọ́ kúrò. Adìẹ tí wọ́n jẹ́ kó fò lulẹ̀ láti àyà èèyàn lè fi egungun àyà tàbí ẹsẹ̀ kán síbẹ̀.

Tí ọ̀kan nínú wọn bá le ju bí mo ṣe sọ yìí lọ, àkísà ìró yẹn ni oògùn rẹ̀. Ẹ jù ú bò ó láti orí dé ìrù, ẹ kó o jọ pọ̀ pẹ̀lú apá rẹ̀ nínú aṣọ, ẹ fi ẹsẹ̀ nìkan sílẹ̀ lóde. Kí aṣọ náà má fún un, kó sì ráyè mí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè fi aṣọ bẹ̀rẹ̀ láìtijú, èmi náà ń lo aṣọ fún adìẹ tó bá ń jẹ̀rora.

Ó wà lọ́wọ́ yín báyìí. Ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ jẹ́ kí ìyá tan iná sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ní àgbàlá wa nílùú ni àárín ìka ẹsẹ̀ àti ibi tí ìka ti so mọ́ ẹsẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń dirun, tí wọ́n ti ń ránṣọ, òwú àti irun attachment máa ń wà nílẹ̀. Adìẹ á tẹ̀ ẹ́, á lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bó ṣe ń rìn ló ń le sí i, á wọ inú awọ débi tí ẹ ò ní rí i àfi tí ẹ bá fi omi fọ ibẹ̀. Ẹ ó kàn rí ìka tó wú ní iwájú, tó ní ojú okùn tínrín kan ní ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ìka náà á dúdú, á gbẹ, á já. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ẹ fi ṣóńṣó àlùmọ́gàjí gé e ní ibi méjì mẹ́ta, ẹ máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá ti wọnú ẹran, ẹ fi í sílẹ̀ fún dókítà.

Tí ẹ ò bá rí okùn, ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Tí ẹ bá rí èépá dúdú róbótó kan láàárín, tí ibẹ̀ wú, tó gbóná ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ, egbò ló wọbẹ̀ tí kòkòrò sì ti wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ líle, ilẹ̀ tútù tó dọ̀tí, àti fífò láti ibi gíga ló sábà máa ń fà á. Ẹ má fi abẹ́ tú èépá náà. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ lójoojúmọ́, ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹ da lẹ́búlẹ́bú pákó tàbí koríko gbígbẹ sí, ìyẹn lè tó tí kò bá tíì pẹ́. Tí ó bá ti wú dé orí ẹsẹ̀, dókítà ló kàn. Tí ó sì jẹ́ ìpẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣí sókè, tó rí játijàti, kòkòrò tíntìntín ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi Vaseline pa ẹsẹ̀ méjèèjì nípọn, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan títí ìpẹ́ tuntun á fi jáde, kí ẹ sì ṣe ti àwọn méjì yòókù pẹ̀lú.

Kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, ẹ fi ìka kan egungun àyà rẹ̀. Tí ẹran bá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń jẹun. Tí egungun bá ta síta, tó mú, ó ti rù, ìyẹ́ ló ń bò ó lójú yín. Ẹ tú ìyẹ́ abẹ́ ihò ìdí rẹ̀ wò fún iná adìẹ. Ẹyin wọn máa ń pọ̀ mọ́ ìdí ìyẹ́ níbẹ̀ ní funfun funfun. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀. Ẹyin tí èèpo rẹ̀ kò tíì gbó lè wà nínú rẹ̀ lálẹ́, tí ó bá sì fọ́ sínú, ó lè pa á.

Àwọn méjì tí ara wọn le kò nílò kí ẹ dúró di alẹ́. Ohun tí wọ́n nílò ni pé kí wọ́n rí ọwọ́ tí kò mú wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, lákòókò kan náà lójoojúmọ́, ẹ gbé àpótí kékeré jókòó sí àgbàlá, ẹ da àgbàdo díẹ̀ sí ẹsẹ̀ yín. Tí wọ́n bá ti ń jẹ ẹ́ láìwo ojú yín, ẹ fi í sí àtẹ́lẹwọ́, kí ọwọ́ náà wà nílẹ̀. Tí ẹ bá rí ikán, ẹ fi ikán ṣe é. Mi ò tíì rí àgbébọ̀ tó lè kọ ikán. Ọjọ́ tí wọ́n bá jẹ lọ́wọ́ yín, ẹ má mú wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ tó fi ẹ̀yìn ìka kan àyà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Láti ibẹ̀, ọwọ́ á máa lọ sábẹ́ díẹ̀ sí i, títí tí gbígbé á fi tẹ̀lé e fúnra rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn máa ń yára, àwọn kan máa ń lọ́ra, adìẹ ìbílẹ̀ tí ara rẹ̀ fúyẹ́ tó sì lè fò máa ń pẹ́ ju adìẹ oko lọ.

Nígbà mìíràn ẹ ó nawọ́ sí àgbébọ̀ tó ń yé ẹyin, á ba mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, á na apá díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á tẹ ẹ̀yìn wálẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe fún àkùkọ nìyẹn, ara tó ń yé ẹyin ló ń mú un ṣe é. Ẹ jẹ́ kó ṣe yín ní àǹfààní. Kò sí ìgbà tí gbígbé rọrùn ju ìgbà yẹn lọ lójú mọmọ: ẹ pa apá rẹ̀ dé, ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́, ó ti parí.

Ọmọ yín lè gbé wọn, ó sì yẹ kó gbé wọn, ṣùgbọ́n ní ìjókòó ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó jókòó sílẹ̀, kó tẹ́ aṣọ sórí itan, kí ẹ gbé adìẹ lé e, kí orí adìẹ kọjú síbòmíràn, kí ó fi ọwọ́ kan bo ẹ̀yìn rẹ̀ láìfún un. Tí adìẹ bá fẹ́ lọ, kò jìnnà sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu kò ó lẹ́nu, kò gbọ́dọ̀ gbé e wọ ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ọṣẹ ní kété tó bá kúrò nídìí rẹ̀, torí kòkòrò Salmonella lè wà lára adìẹ tí kò ṣàìsàn rárá. Tí adìẹ bá ṣàdédé kú nílé tàbí ládùúgbò, tàbí tí orí rẹ̀ wú tí ogbe rẹ̀ sì dúdú, kí ọmọ náà má fọwọ́ kan èyíkéyìí mọ́, kí ẹ̀yin náà pe dókítà ẹran. Láti 2006 ni àrùn fúlúù ẹyẹ ti wọ orílẹ̀-èdè wa, ní oko kan ní Jaji, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ó sì ti padà wá láti ìgbà náà.

Ẹ má gbé wọn nígbà tí oòrùn bá kanjú, pàápàá ní oṣù Kejì àti Ìkẹta. Ara adìẹ gbóná tó nǹkan bí 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius láìtíì rí oòrùn. A máa ń sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀, àmọ́ ẹnu yíyà ni adìẹ fi ń lé ooru jáde, nítorí náà ẹ lè mọ̀ tí ẹ bá wo ẹnu rẹ̀. Tí ó bá yanu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́wọ́ yín, tàbí tí ogbe rẹ̀ ń yí padà di dúdú, ẹ gbé e kalẹ̀ síbi òjìji lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un lómi, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti parí.

Lọ́jọ́ iwájú, tí ọ̀kan nínú wọn bá ń sàba, á wú, á ké, á ṣá yín lọ́wọ́. Kò léyín, kò lè ṣe yín ní nǹkan púpọ̀ tí ẹ bá ti gba ojú yín lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, ẹ fi ìka wá abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó gbé e sókè, torí ó máa ń há ẹyin tàbí ọmọ síbẹ̀, wọ́n á sì já bọ́.

Tí ẹ bá yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálẹ́ òní tí ẹ ò rí nǹkan kan, tàbí tó bá ṣì ń tiro lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Inú páálí ni kí ẹ gbé e sí, èyí tó gba ìdúró àti ìjókòó rẹ̀, kí ẹ lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbogbo, kí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i. Ẹ má fi sínú báàgì ọ̀rá, ẹ má sì so ó mọ́ ọ̀kadà. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ kí ooru tó mú. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i pé ó ń tiro fún dókítà, àti ọjọ́ tó yé ẹyin kẹ́yìn. Tí wọ́n bá fún un lóògùn, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin rẹ̀.